Ojú Ìwé Ogóje

Tatia mú ìwé kan bọ̀ láti Kutaisi.
Ó ní, "Ìyá àgbà, ìlú wa ló wà nínú rẹ̀.
Ẹnìkan sọnù, ẹnìkan ń parọ́,
ìwọ tó ń kà á ni yóò wá ẹni náà rí."
Mo ní, ta ló lè sọnù ní Chiatura?
Ìlú tó sùn sínú kòtò bí ẹyin inú ìtẹ́,
tí o bá sín ní òkè ọ̀hún,
wọ́n á kí ọ pẹ̀lẹ́ ní òkè ìhín.

Mo wọ awò mi, mo jókòó sójú fèrèsé.
Ojú ìwé kìíní, ẹ̀rín pa mí.
Ẹni tó kọ ọ́ kò gbé ibí rí, ó hàn.
Ó gbé ilé oògùn Eteri kọjá afárá,
ó gbin igi ọ̀pọ̀tọ́ síbi tí òkúta nìkan ń hù,
ó ní odò Kvirila dúdú bí ìrònú.
Ìrònú kọ́, ọ̀gbẹ́ni. Mangáníìsì ni.
Erùpẹ̀ tí Vazha ọkọ mi ń hú pọ̀ mọ́ ikọ́
fún ọdún mọ́kànlá kó tó dákẹ́ ni.

Ó tún ní àtẹ̀gùn láti etí odò dé ilé wa
jẹ́ igba ó lé mẹ́rìnlá.
Mo mú pẹ́ńsù, mo kọ ọ́ sí etí ìwé:
igba ó lé ogún.
Ta ni yóò kọ́ mi? Láti ọmọ ọdún márùn-ún ni ẹsẹ̀ mi ti ń kà á.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń tún ìlú mi tò
bí ẹni ń tún yàrá tò lẹ́yìn àlejò,
títí mo fi dé ojú ìwé ogóje.

Obìnrin kan wà níbẹ̀, nínú ọkọ̀ orí wáyà.
Kò fún un lórúkọ. Ó fún un ní ìborùn pupa,
ó fún un ní ọ̀pá ìdarí àti èékánná jíjẹ.
Ó ní ó máa ń ka èrò wọlé, á tún kà wọ́n jáde,
àti pé ní alẹ́ kan tí iná kú,
tí àpótí irin náà so rọ̀ sáàárín òkè méjì bí eyín tó fẹ́ ká,
ó ti ka mẹ́fà wọlé,
ó ka márùn-ún jáde,
ó lọ sílé, ó se ẹ̀wà.

Mo pa ìwé dé.
Mo wo èékánná mi.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi wà nínú àpótí yẹn.
Ìborùn tèmi, àwọ̀ ewé ni. Ẹ bi Eteri.
Iná kú lóòótọ́, ní àwọn ọdún òkùnkùn wọ̀nyẹn;
ta ni iná kò kú mọ́ lórí?
Wákàtí mẹ́ta la fi so rọ̀ nínú yìnyín.
Mo rántí obìnrin tó ń fún ọmọ lọ́mú,
àwọn awakùsà mẹ́ta tó ń pín sìgá kan mu,
àti ọkùnrin kan nídìí ilẹ̀kùn, tí kò sọ̀rọ̀,
tí yìnyín èjìká rẹ̀ kò yọ́.
Mo rántí bó ṣe wọlé.
Bí mo bá wá ń wá bó ṣe jáde,
ojú ìwé yẹn ni mò ń rí.
Àbí ọmọ ọwọ́ ni mo kà lókè, tí mo gbàgbé nísàlẹ̀?
Àbí n kò tilẹ̀ kà rárá,
tó jẹ́ àjèjì yìí ló ń bá mi kà á?

Tatia ní, "Ṣé o ti mọ ẹni tó pa á?"
Mo ní ìkòkò ń jó.

Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún,
ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a.
Tèmi kì í ṣe irọ́.
Kò sẹ́ni tó bi mí.

Lóru, mo wọ bàtà Vazha, mo mú tọ́ọ̀ṣì,
mo ń sọ̀ kalẹ̀, mo ń kà sókè bí ọmọ ilé ìwé.
Ajá Badri gbó, ó dá mi mọ̀, ó panu mọ́.
Ọkọ̀ orí wáyà tuntun, onígíláàsì, ń tàn ní ibùdó rẹ̀,
kò nílò ẹni tí yóò fa ọ̀pá.
Mo dé etí odò.
Igba ó lé mẹ́rìnlá.

Mo gùn ún padà.
Igba ó lé mẹ́rìnlá.

Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, èémí bo awò mi,
mo ń wá mẹ́fà tó kù.